Ọjà Ọdún Orí Fóònù: Ta Ni Pàràkòyí Rẹ̀?

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Láti ìgbà pípẹ́, bí ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésìmesì bá ti ku oṣù kan, ẹsẹ̀ kì í gbèrò mọ́ ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà ní Èkó, ní Dùgbẹ̀ àti Gbági ní Ìbàdàn, àti ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ìyá yóò fa ọmọ lọ́wọ́, yóò gbé àpò kọ́ apá, yóò máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn títí aṣọ, bàtà, ìrẹsì, òróró àti adìyẹ ọdún yóò fi pé. Títí di òní, àwọn ọjà wọ̀nyí kò tí ì dá páropáro. Ṣùgbọ́n ojú ti ń rí ohun tí kò rí rí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń jókòó sí pálọ̀ wọn báyìí, tí wọ́n ń fi ìka kan ra ọjà ọdún lórí fóònù, tí ọlọ́kadà sì ń gbé e wá bá wọn ní ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn láàárín àgbà àti èwe. Àwọn àgbà kan ń sọ pé àṣà ti bàjẹ́, pé òwò tí ojú kò ti kan ojú kì í ṣe òwò ọmọlúwàbí. Àwọn ọ̀dọ́ ń dáhùn pé ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe nìkan ni ó tún lè máa fi odidi ọjọ́ kan na ọjà nínú oòrùn. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a óò rí i pé kò sí èyí tí ó jàre tán nínú wọn. Ibi tí a ti ń rajà kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí onídùúró láàárín ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà ni ìdí ọ̀rọ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí gbogbo ènìyàn lè rà bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ méjì, Jumia àti Konga, gbé àtẹ wọn kalẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Èkó. Láti ìgbà náà ni gbàǹjo oṣù kọkànlá ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Gbàǹjo yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé ọdún Ìdúpẹ́ wọn ni wọ́n ń pè ní Black Friday, ọjọ́ náà sì ni wọ́n fi ń ṣí ọjà Kérésìmesì. Nígbà tí ó di ọdún 2005, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sọ ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e ní Cyber Monday, kí ó lè jẹ́ ọjọ́ àwọn tí ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Èkó tí kò mọ ohun tí ọdún Ìdúpẹ́ jẹ́ ti mọ Black Friday bí ẹni mọ owó.

Ohun mẹ́ta ni ó tún ti àṣà tuntun yìí síwájú. Àrùn kòrónà ni èkíní. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó àti Ògùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kọ́ láti máa rajà láì jáde nílé. Ọ̀wọ́n owó bébà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, ni èkejì. Àní ìyá alátà tí kò tíì ní àpò owó ní báńkì rí kọ́ bí a ti ń gba owó lórí fóònù. Ẹ̀kẹta ni yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Owó ọkọ̀ fò sókè, ẹni tí ó ti fẹ́ lọ ra bàtà ọmọ ní Balógun sì jókòó, ó ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ó sì rí i pé owó tí òun ìbá fi wọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí yóò fún ẹni tí yóò bá òun gbé e wá sílé.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú àǹfààní tí ó wà níbẹ̀. Aláboyún, arúgbó, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, òṣìṣẹ́ tí kì í kúrò ní ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ni ó rí ìrọ̀rùn. Ọmọ tí ó wà ní London lè ra àpò ìrẹsì fún ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo kí ó sì dé ọ̀dọ̀ ìyá náà kí ọdún tó kò. Ó sì dájú pé jáwójáwó inú èrò ọjà ọdún kò lè jí owó tí kò sí nínú àpò.

Kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Àwọn tí ó ń sọ pé irú òwò báyìí kò sí nínú àṣà Yorùbá gbàgbé ìtàn. Kí ọlọ́kadà tó máa gbé ọjà wá sí ẹnu ọ̀nà ni olùkiri ti ń gbé e wá. Ohùn ìpolówó rẹ̀ ni ó dúró bí àwòrán tí a ń rí lórí fóònù lónìí. Yóò yin ẹ̀kọ rẹ̀, yóò yin àgbàdo sísè rẹ̀, títí itọ́ yóò fi máa dà lẹ́nu ẹni tí ebi kò pa. Gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ pé ẹnu ìpolówó a máa dùn ju ọjà lọ.

Òwò òṣómàáló tí àwọn Ìjẹ̀ṣà fi lókìkí tún wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, láti abúlé dé abúlé. Wọn a já aṣọ fún olùrà nínú ilé rẹ̀ láì gba owó lójú ẹsẹ̀, wọn a sì dá ọjọ́ tí wọn yóò padà wá gba owó náà. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè kò rí owó san, oníṣòwò yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì ní dìde títí owó yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Láti inú ìlóṣòó yìí ni orúkọ òwò náà ti jáde.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ọ̀nà oko, àgbẹ̀ tàbí aya rẹ̀ a máa to iṣu, ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, a kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó rẹ̀ hàn, a sì bá tirẹ̀ lọ. Arìnrìn-àjò tí ó bá fẹ́ rà yóò ka òkúta, yóò mú ọjà, yóò sì fi owó sílẹ̀. Ẹni tí ó tà kò rí ẹni tí ó rà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó rà kò rí ẹni tí ó tà. Iye owó dúró sójú kan, kò sí ìdúnàádúrà. Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀rọ, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọjà orí fóònù?

Ìyàtọ̀ wà, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀. Ìbẹ̀rù ìtìjú ni ó ń ṣọ́ àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni tí ó bá jí iṣu mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni òun wà, pé bí àṣírí bá tú, orúkọ baba òun ni yóò bàjẹ́. Ààlè tí a so mọ́ ọjà sì ń kìlọ̀ fún ẹni tí ojú ayé kò tì. Olùkiri kò lè ta ẹ̀kọ kíkan ní àdúgbò lónìí kí ó sì padà síbẹ̀ ní ọ̀la. Òṣómàáló mọ ilé onígbèsè, onígbèsè sì mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnìkan wà tí a lè di mú.

Àgbà ọjà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò dá lórí ọmọ ọwọ́ nìkan. Ó ń sọ fún wa pé ọjà Yorùbá kì í ṣe pápá tí olúkúlùkù ti ń ṣe bí ó ti wù ú. Iwájú ààfin ni ọ̀pọ̀ ọjà àgbà wà, kí ojú ọba lè tó o. Ìyálọ́jà wà, olórí àwọn aláṣọ wà, olórí àwọn aláta wà. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn Pàràkòyí ni a fi ọ̀ràn òwò lé lọ́wọ́. Bí ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà bá ní gbólóhùn asọ̀, wọ́n mọ ibi tí wọn yóò gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ta wá ni Pàràkòyí ọjà orí fóònù? Ìbéèrè yìí ni ó gbọdọ̀ máa gún wa lọ́kàn bí ọdún bá ti ń sún mọ́ etílé, nítorí àkókò ọdún gan-an ni gbájúẹ̀ máa ń pàtẹ. Wọn a gbé àwòrán aṣọ tí ó ń dán jáde, wọn a dá iye tí ó kéré lé e, wọn a ní kí olùrà yára sanwó nítorí pé ọjà ti fẹ́ tán. Bí owó bá ti wọlé, nọ́ńbà fóònù náà kò ní lọ mọ́. Àwọn mìíràn kò sá lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọn yóò gbé wá yóò jọ ohun tí a rà bí ọ̀bọ ṣe jọ ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di àwàdà: wọn a gbé àwòrán ohun tí wọ́n rà àti ohun tí wọ́n rí gbà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ayé bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín fún òbí tí owó aṣọ ọmọ mẹ́ta bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ewu náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ olùrà. Ní ọdún 2017, ní Port Harcourt, wọ́n pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbé fóònù lọ fún àwọn tí wọ́n rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ń gbé ọjà náà nílò láti mọ ẹni tí ó ń gbé e lọ fún.

Ẹ wo ti àgbò Iléyá. Ẹran tí a óò fi ṣe ọdún ní ìlànà nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ní ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀, àgùntàn gbọ́dọ̀ pé oṣù 6 ó kéré tán, ewúrẹ́ ọdún 1, màlúù ọdún 2. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹran tí ojú rẹ̀ kan fọ́ gbangba, tàbí èyí tí ó ń tiro, tàbí èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn, tàbí èyí tí ó rù kan eegun. Lónìí, a ń ta àgbò lórí fóònù. Àwòrán lè fi ìwo rẹ̀ hàn, kò lè fi ìrìn rẹ̀ hàn. Ẹ̀gbẹ́ kan ni a ń rí, a kò rí ojú kejì. Ẹ̀sìn kò kọ̀ kí ènìyàn rán aṣojú lọ ra ẹran. Ṣùgbọ́n aṣojú tí a mọ̀, tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, yàtọ̀ sí àjèjì tí ó kàn ní àwòrán lọ́wọ́. Bí ẹran bá dé ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún tí ó sì ń tiro, kì í ṣe owó nìkan ni ó ṣòfò.

Àṣà borí ẹ̀rọ

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó fún wa ní ìrètí. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ dé, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ yìí kò ní sanwó ohun tí ojú wọn kò tíì rí. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà wọ́n gbà kí olùrà máa sanwó nígbà tí ọjà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan rí èyí bí àìlajú. Àṣà òṣómàáló ni ó tún yọjú lórí alùpùpù.

Òfin náà ti tẹ̀lé àṣà. Òfin ìdíje òwò àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà fún olùrà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò kí ó tó gbà á. Bí kò bá sì ní àǹfààní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e dé, tí ó rí i pé kì í ṣe ohun tí òun rà, ó lè kọ̀ ọ́. Àjọ tí òfin náà gbé kalẹ̀ wà láti gbọ́ ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ń rajà ọdún ni ó mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí wà? Pàràkòyí tí ará ọjà kò mọ ilé rẹ̀, ìdájọ́ wo ni yóò dá fún wọn?

Ohun tí fóònù kò lè gbé wá

Àwọn kan ń dárò ìdúnàádúrà, wọ́n ní iye owó tí kò ṣe é ná ni ó ń ba ọjà jẹ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Kingsway, Leventis àti UTC ti ń lẹ iye owó mọ́ ọjà tipẹ́tipẹ́, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń lọ wo Bàbá Kérésì. Ọjà wa kò tìtorí rẹ̀ tú. Àwọn ilé ìtajà wọ̀nyẹn gan-an ni a kò rí mọ́ bí a ti ń rí wọn tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú ìnájà tí ọmọ kò lè rí kọ́ lórí fóònù. Ọmọ tí ó bá tẹ̀lé ìyá rẹ̀ dé ọjà yóò gbọ́ bí a ti ń kí ọlọ́jà pé ajé á wọgbá kí a tó béèrè iye. Yóò rí bí a ti ń fi ọwọ́ pa aṣọ láti mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Yóò kọ́ bí a ti ń bu owó láì bú ènìyàn, bí a ti ń bínú lọ tí a sì ń fi ẹ̀rín padà nígbà tí ọlọ́jà bá pè wá. Ọmọ tí kò kọ́ èyí lè mọ iye owó gbogbo nǹkan láì mọ ohun tí wọ́n tó.

Lẹ́yìn náà ni èènì. Ilé-iṣẹ́ orí fóònù a máa fúnni ní ẹdínwó, ṣùgbọ́n ẹdínwó kì í ṣe èènì. Gbogbo ayé ni a ṣe ẹdínwó fún. Ìwọ nìkan ni ọlọ́jà bu èènì fún, nítorí pé o jẹ́ oníbàárà rẹ̀, nítorí pé ó bi ọ́ léèrè ara ọmọ rẹ kí ó tó bù ú. Lórí oníbàárà bẹ́ẹ̀ náà ni àwìn dúró. Bí ọdún bá dé tí owó oṣù kò tíì wọlé, ọlọ́jà tí ó mọ̀ wá yóò ní kí a máa gbé e lọ, kí ọmọ má baà wo ojú ọmọ ẹlòmíràn lọ́jọ́ ọdún.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ọlọ́jà fúnra rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ọjà ọdún ni ó ń san owó ìsọ̀, òun ni ó ń san owó ilé-ìwé oṣù kìíní. Bí gbogbo àdúgbò bá kọjú sí fóònù ní oṣù kejìlá, tí wọ́n sì wá ń wá àwìn tọ̀ ọ́ lọ ní oṣù kejì, níbo ni yóò ti rí i?

Ọ̀nà àbáyọ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́jà ti fi ọ̀nà hàn wá. Ní Balógun, ní Gbági, àti láàárín àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú, àwọn oníṣòwò ń gbé àwòrán aṣọ tuntun sí orí WhatsApp. Oníbàárà yóò rí i nílé, yóò fi ohùn ránṣẹ́, wọn yóò ná an, ọlọ́jà yóò sì fi ránṣẹ́. Fóònù ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ìdúnàádúrà wà níbẹ̀, oníbàárà wà níbẹ̀, ìsọ̀ tí a lè gba lọ bí ọ̀rọ̀ bá dàrú sì wà níbẹ̀. Òwò tí ó bá àṣà mu ni èyí.

Ohun tí ó kù ni kí àwọn àgbà ọjà jí gìrì. Kí Ìyálọ́jà àti àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń tajà lórí fóònù sílẹ̀, pẹ̀lú ìsọ̀ àti nọ́ńbà wọn, kí wọ́n sì gbé e sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Kí ẹgbẹ́ ṣe onídùúró fún wọn. Ẹni tí ó bá ta ayédèrú, kí ẹgbẹ́ dá a lẹ́jọ́ bí wọn ìbá ti dá ẹni tí ó fi òṣùwọ̀n èké ta gàrí lẹ́jọ́. Kí àjọ ìjọba náà máa sọ ẹ̀tọ́ olùrà ní èdè abínibí, lórí rédíò, kí oṣù ọdún tó wọlé.

Ní ti olùrà, bí ọwọ́ bá gbọdọ̀ kan ohun tí ó fẹ́ rà kí ó tó mọ̀ ọ́n, kí ó lọ wò ó, tàbí kí ó rán ẹni tí ó mọ̀. Àgbò, adìyẹ àti aṣọ òfì wà lára irú wọn. Èyí tí ó wà nínú páálí tí gbogbo rẹ̀ sì rí bákan náà, kò burú bí a bá rà á lórí fóònù. Kí ẹnikẹ́ni má sanwó ṣáájú fún ẹni tí kò mọ ìsọ̀ rẹ̀, bí ó ti wù kí gbàǹjo náà dùn tó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n owó ọdún kì í lè dúró de ọjọ́ náà.

Kí òbí sì rí i pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí ọdún tó dé, òun mú ọmọ òun lọ sí ọjà, kí ọmọ náà bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀, kí ó gba èènì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọlọ́jà sì mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Ọmọ tí ọjà bá mọ̀ kò ní ṣòro fún láti mọ ẹni tí yóò bá ra nǹkan, ìbáà jẹ́ ní ìsọ̀, ìbáà jẹ́ lórí fóònù.